Kí àmì X pupa tó kan ògiri: lẹ́tà ṣíṣí sí Kọmíṣánnà Ètò Ìlú ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Sí Kọmíṣánnà fún Ètò Ìlú àti Ìdàgbàsókè Ìgboro,
Alausa, Ìkẹjà.

Ọlọ́lá Jùlọ,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. A mọ̀ pé ìwé pọ̀ níwájú yín, a ò ní fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará Èkó ti so àgbò mọ́lẹ̀ de Iléyá ọjọ́ kejì, katapílà wọ Ìta Tinúubú. Ilé tó wó níbẹ̀ ni Ilojo Bar, tí ẹbí Fernandez kọ́ ní 1855, tí Alfred Omolana Olaiya rà ní 1933, tí ìjọba sì kéde ní 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Ọgọ́ta ọdún ni orúkọ rẹ̀ fi wà nínú ìwé ìjọba. Ìwé yẹn kò di katapílà lọ́wọ́, nítorí ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n mú, nígbà tí kò sí ẹni tí ènìyàn lè sáré lọ bá ní ọ́fíìsì.

Bíríkìlà, káfíńtà, ayàwòrán ilé àti ẹnjiníà ni àwa tí a kọ lẹ́tà yìí, ara ilé àtijọ́ la sì ti ń jẹun. A ò kọ ọ́ láti sunkún ilé tó ti lọ. Ohun tí a fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ni pé ọjọ́ orí kọ́ ló ń pa ilé Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ìyẹn ilé tí àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé àti àwọn ọmọ wọn kọ́. Àtúnṣe tí kò bá ara ilé mu ń pa á, kòtò tí aládùúgbò gbẹ́ ń pa á, èyí tó sì burú jù ni pé ẹbí tí ìlú ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ilé wọn kò rí kọ́bọ̀ kan jẹ lórí ẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ń pa ilé ni, Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tó wà ní òpópónà Martins ì bá ti lọ. João Baptista da Costa ló darí iṣẹ́ rẹ̀, 1894 ni wọ́n ṣí i, wọ́n ṣì ń kírun nínú ẹ̀ dòní.

Àwọn tó ní kí Èkó máa kọ́ ilé tuntun kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Èrò pọ̀, ilé kò tó gbé, ilẹ̀ Erékùṣù sì wọ́n. A ò sọ pé kí ẹ má wó ilé. Ilé kan wà tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ, tí ògiri rẹ̀ ti tẹ̀ síta, tí kò sí ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè ṣe sí i mọ́. Ẹ wó irú wọn kó tó pa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ sáà má gbàgbé pé ilé tó wó pa àwọn ọmọ ilé ìwé ní Ìta Fàájì ní oṣù kẹta ọdún 2019 kì í ṣe ilé Àgùdà. Ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, tó gba ẹ̀mí tó lé ní ogójì, wọn ò tilẹ̀ tíì kọ́ ọ tán. Bí ilé bá léwu, ìwádìí ló ń fi hàn. Ojú lásán kì í mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọ̀rọ̀ wá sí ara ògiri, nítorí ibẹ̀ ni ikú ilé ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ògiri ilé Àgùdà nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Amọ̀ tàbí bíríkì ló wà nínú, láìmù ni wọ́n fi rẹ́ ojú rẹ̀. Láìmù tí à ń wí yìí ni ìkarahun tàbí òkúta ẹfun tí wọ́n sun nínú iná líle, tí wọ́n wá bu omi pa títí ó fi rọ̀ bí òrí. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìn ní Erékùṣù, ìdí ògiri ló sì ń gbà gòkè lójoojúmọ́. Láìmù kì í dí i lọ́nà. Ó ń jẹ́ kí ó gba ojú ògiri yọ sí afẹ́fẹ́. Ohun tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ògiri yẹn ń mí nìyẹn.

Bí láìmù náà bá wá ń ṣí, ẹbí á pe bíríkìlà, bíríkìlà á gbé sìmẹ́ǹtì dé. Lọ́dún àkọ́kọ́, ògiri á dán, gbogbo ènìyàn á máa yìn ín. Ṣùgbọ́n omi tó ń gòkè kò rí ọ̀nà yọ mọ́. Á gun òkè sí i lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì, á kó iyọ̀ dání, iyọ̀ náà á sì máa tú amọ̀ inú ká díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tó dé, ẹ fi oríkèé ìka kan ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Níbi tó bá ti dún kò, ó ṣì dì mọ́ra. Níbi tó bá ti dún gbo bí àgbá òfìfo, pílásítà ti kúrò lára amọ̀, ìwúwo ara rẹ̀ nìkan ló fi dúró. Lọ́jọ́ tó bá já, kì í já lásán, á gé amọ̀ tó jìn tó ìka mẹ́ta dání. Ẹbí á rí ihò, wọ́n á tún ra sìmẹ́ǹtì sí i. Lẹ́yìn bí ìgbà mẹ́ta tí wọ́n bá ti ṣe báyìí, ìdí ògiri ti tín-ín-rín ju orí rẹ̀ lọ, òṣìṣẹ́ yín á dé, á rí ògiri tó ń tú, á kọ X pupa sí i, àmì pé kí wọ́n wó o. Kò ṣìṣe o. Sìmẹ́ǹtì ọdún márùn-ún sẹ́yìn ló pa ilé yẹn, kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀.

Bó ṣe yẹ kí wọ́n tún un ṣe kò le, ó kàn gba sùúrù. Kí wọ́n fi ṣísẹ́lì àti òòlù kékeré ṣí sìmẹ́ǹtì náà kúrò, kì í ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbọn ògiri. Kí wọ́n fi ògiri sílẹ̀ kó gbẹ, ó sì lè gbà tó oṣù méjì sí mẹ́ta lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi tó bá ti jẹ, bíríkì amọ̀ ni kí wọ́n fi dí i. Wọn ò gbọ́dọ̀ fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì dí i, torí búlọ́ọ̀kù le ju amọ̀ lọ. Bí ilé bá ti ń mi díẹ̀ báyìí, ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù yẹn gan-an ló máa là. Láìmù tí wọ́n fẹ́ lò, ó dára kó ti wà nínú omi fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Kí wọ́n pò ó, ìwọ̀n láìmù kan sí yanrìn mẹ́ta, yanrìn odò tí wọ́n fọ̀ ni o, kì í ṣe ti etí òkun tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n bu omi wọ́n ògiri kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, kí ìpele kan má nípọn ju ìdajì ínṣì lọ, kí wọ́n fi àpò tútù bò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n tó rẹ́ èkejì. Bí oòrùn bá gbẹ ẹ́ lójijì, ìyẹ̀fun ni yóò dà. Láìmù inú àpò tí wọ́n ń tà fún ìtọ́jú omi náà ṣeé lò bí wọ́n bá rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, àmọ́ kó má tíì pẹ́ nínú àpò, torí afẹ́fẹ́ á ti sọ ọ́ di ẹfun lásán. Ọ̀dà orí rẹ̀ náà, láìmù olómi ni, ìpele mẹ́rin tàbí márùn-ún tó fẹ́lẹ́. Ọ̀dà aláwọ̀ rọ́bà tí ń dán máa ń ṣe ohun tí sìmẹ́ǹtì ń ṣe, ó kàn ń fi ẹ̀rín ṣe é ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ: ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ní ó ń rì kò rì rárá. Títì ló ga. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún ọ̀nà dà, ọ̀dà títì tuntun á gun orí ti àtijọ́, títí ẹnu ọ̀nà ilé á fi wà nísàlẹ̀ gọ́tà. Bí òjò bá wá rọ̀, inú pálọ̀ ni omi ìta ń lọ. Kí àwọn tó ń ṣe títì máa há ọ̀dà àtijọ́ kúrò kí wọ́n tó da tuntun ní àwọn òpópónà bíi Bamgbose, Kakawa àti Campos. Owó rẹ̀ kéré sí owó ilé kan.

Lẹ́yìn ògiri, ó kan ilẹ̀ àjà òkè. Pákó ni, lórí igi ìrókò tí orí rẹ̀ wọ inú ògiri. Orí igi yẹn, ibi tó ti wọ ògiri, ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Ẹ fi sukurudíráfà gún un: bó bá wọlé ju ìdajì ínṣì lọ, ó ti jẹ, bó bá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tó jẹ, wọ́n á gé orí rẹ̀ tó jẹ nìkan kúrò, wọ́n á fi pákó líle méjì gbá a mọ́ra lápá ọ̀tún àti òsì, kí wọ́n jọ bá ara wọn rìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀, kí wọ́n fi bóòtì onínọ́ọ̀tì mẹ́rin dè é, kí wọ́n sì fi àlàfo afẹ́fẹ́ sílẹ̀ yí orí igi ká nínú ògiri. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni fún káfíńtà méjì.

Ohun tí ẹbí sábà máa ń ṣe dípò rẹ̀ ni pé wọ́n á kó pákó kúrò, wọ́n á da dẹ́kì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Kọnkéré tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 wúwo tó kílò 360 lórí mítà kan níbùú lóòró. Bí yàrá òkè bá jẹ́ mítà 10 sí 6, tọ́ọ̀nù 21 àti díẹ̀ nìyẹn, lórí ògiri amọ̀ tó ti ń gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta pákó láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Kò ní wó lọ́jọ́ náà. Á dúró de òjò ọdún kẹta.

Kòtò aládùúgbò wá ńkọ́? Èyí ló yá jù, ọwọ́ yín sì ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tó ra ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́fà, ó gbẹ́ ìpìlẹ̀ tó jìn ní mítà méjì, ìpìlẹ̀ ilé Àgùdà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò sì jìn tó mítà kan. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ògiri àtijọ́ á máa ya bọ́ sínú kòtò. Wọ́n á tún gbé pọ́ǹpù sínú kòtò, wọ́n á fa omi tọ̀sán-tòru. Yanrìn tí omi ti kúrò lára rẹ̀ á sùn, ilé tó wà lórí rẹ̀ á sì bá a sùn. Bẹ́ẹ̀ ni ògiri tó wà pẹ́ kí wọ́n tó bí bàbá ẹni tó gbẹ́ kòtò ṣe máa ń là láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba á wá dé pẹ̀lú ọ̀dà pupa, ẹ ó fi sára ilé tó là. Ẹni tó gbẹ́ kòtò á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kó tó gbẹ́ ohunkóhun, ẹnjiníà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ilé àtijọ́ náà, kó ya fọ́tò gbogbo lílà tó bá níbẹ̀, kó fi sìmẹ́ǹtì lẹ gíláàsì tín-ín-rín mọ́ orí wọn, kó kọ ọjọ́ sí i. Gíláàsì kì í purọ́: bí ògiri bá mi, á fọ́. Ìdí ògiri àtijọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ fún, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà láti òpin dé òpin. Ihò tó fẹ̀ tó mítà kan ni wọ́n ń gbẹ́, wọ́n á gbẹ́ ìkíní, wọ́n á fo ìkejì, wọ́n á gbẹ́ ìkẹta. Wọ́n á da kọnkéré sí i, wọ́n á dúró kó gbẹ, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì gbígbẹ dí àlàfo tó kù láàárín kọnkéré àti ògiri, kí wọ́n tó padà wá gbẹ́ ìkejì. Ẹni tó bá gbẹ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó lè yá, ilé ló ń wó, kó má pè é ní ìpìlẹ̀. Kí wọ́n sì fi owó ìdúró sí báńkì kí ẹ tó fún wọn níwèé ìyọ̀ǹda, èyí tí wọn ò ní gbà padà títí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ìpìlẹ̀ wọn bá parí, tí gíláàsì wọ̀nyẹn kò sì fọ́.

Ó ku owó, owó sì ni kókó. Ilé ẹbí ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé wọ̀nyí. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ lè tó ọgọ́rin, àwọn kan wà ní London, àwọn kan wà ní Mushin, ìyá arúgbó méjì ló ń gbé inú rẹ̀. Lábẹ́ òfin ìbílẹ̀, bí olórí ẹbí kò bá sí nídìí rẹ̀, títà ilé náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bó bá sì tà á láìjẹ́ pé aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kóòtù lè tú u ká. Ẹni tó ra ilé náà mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìdí tó fi ń yára wó o nìyẹn. Kí kóòtù tó dá ọjọ́ kejì, ilé ti di ilẹ̀, kò sì sí ilé tí kóòtù lè dá padà mọ́.

Ẹbí yìí ni òfin ní kó tọ́jú ohun ìrántí gbogbo ìlú fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wò ó báyìí: ká ní ilẹ̀ wọn jẹ́ mítà 300 níbùú lóòró, tí ilé sì gba 180 nínú rẹ̀. Alájà méjì, mítà 360 ni. Bí wọ́n bá jẹ́ kí wọ́n wó o, kí wọ́n kọ́ alájà mẹ́fà, á di 1,080. Mítà 720 ni a gbà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ tí a pe ilé wọn ní ohun ìrántí. A ò san án fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ta àyè tí wọn ò lè kọ́ yẹn. Ní New York, lẹ́yìn tí wọ́n wó ibùdókọ̀ rélùwéè Penn Station láti 1963, òfin ààbò ilé dé ní 1965. Wọ́n sì tún jẹ́ kí ẹni tó ni ilé tí kò gbọ́dọ̀ wó lè ta àyè òkè òrùlé rẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́lé nítòsí. Èkó lè ṣe tirẹ̀: ẹbí tó wà ní Bamgbose á ta mítà 720 yẹn fún ẹni tó fẹ́ àjà sí i lórí ilé rẹ̀ ní Marina, níbi tí ilé gíga ti wà tẹ́lẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà á wọ báńkì fún àtúnṣe, wọ́n á máa gbà á bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ: òrùlé àti gọ́tà, lẹ́yìn náà ògiri, lẹ́yìn náà igi. Ìyókù, kí ẹbí pín in. Ẹni tó ń kọ́ ilé tuntun rí àyè kọ́ ọ, ilé àtijọ́ sì dúró.

Ibì kan ṣoṣo ni ètò yìí ti lè bàjẹ́, ẹ̀yin ni ẹ lè bà á jẹ́. Bí ẹni tó ń kọ́lé ní Marina bá lè kọ́ àjà mẹ́rin ju ohun tí ìwé rẹ̀ sọ lọ, kó wá san owó ìtanràn, kí ẹ sì fún un níwèé lẹ́yìn, ta ni yóò wá ra ti ẹbí? Gíga gbọ́dọ̀ di ohun tí a kò lè rí lọ́fẹ̀ẹ́ níbikíbi ní Erékùṣù kí ti ẹbí tó lè rówó.

Ẹ jẹ́ ká sì yẹra fún àṣìṣe Bahia ní Brazil, nítorí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́ Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tàbí àwọn bàbá wọn, ti wá. Wọ́n tún àdúgbò Pelourinho ní Salvador, olú ìlú Bahia, ṣe láàárín àwọn ọdún 1990, ó dùn-ún wò. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú tálákà tó ń gbé ibẹ̀ jáde pẹ̀lú owó kékeré kí wọ́n tó kun ilé wọn, ṣọ́ọ̀bù àwọn arìnrìn-àjò ló kù. Èkó náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, ní 1955, nígbà tí wọ́n wó àárín Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lọ sí Surulere. Kò yẹ kí ìyá arúgbó méjì yẹn jáde nítorí àtúnṣe. Yàrá kan ni kí wọ́n máa tún ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Pé ilé àtijọ́ lè rí iṣẹ́ tuntun ṣe kì í ṣe àlá. Ẹ̀wọ̀n Broad Street ti di Freedom Park láti 2010. Ẹ lọ wo Jaekel House ní ọgbà rélùwéè Ẹ̀búté Mẹ́ta, ilé 1898, bí wọ́n ṣe tún un ṣe.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún nìyí. Kí ìwé ìyọ̀ǹda láti wó ilé kankan ní Pópó Àgùdà má jáde láìjẹ́ pé ìkéde ti wà lára ilé náà fún ọjọ́ 28, lédè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ olórí ẹbí àti ìdí igi kọ̀ọ̀kan. Kí wíwó ilé jẹ́ èèwọ̀ lópin ọ̀sẹ̀ àti lọ́jọ́ ìsinmi. Kí X pupa má kan ilé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún títí tí ẹnjiníà kan àti oníṣẹ́ láìmù kan bá fi jọ kan ògiri rẹ̀, tí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi òru wó ilé tó wà lábẹ́ òfin, kí ilẹ̀ náà má gba ìwé kíkọ́lé tó ga ju èyí tó wó lọ fún ọdún mẹ́wàá. Ìtanràn owó kò dẹ́rù ba ẹni tó fẹ́ kọ́ alájà mẹ́fà. Ó ti ṣírò rẹ̀ mọ́ owó sìmẹ́ǹtì.

Oṣù kẹrin ni òjò á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa. Páànù tó ti dá lu àti gọ́tà tó ti já ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, nítorí ilé tí omi kò bá ti òkè wọ̀ lè dúró de gbogbo ìyókù. A ti ṣe tán láti bá àwọn òṣìṣẹ́ yín rìn láti Ìta Tinúubú dé Campos ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ká kan ògiri ilé kọ̀ọ̀kan, ká kọ orúkọ àwọn tí páànù wọn ń jò sílẹ̀. Àkàbà àti òòlù wà lọ́wọ́ wa.

Tiyín ní tòótọ́,
Àwa oníṣẹ́ ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó